Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Yàrá ìdákẹ́jẹ́ láàárín ariwo ayé

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé nínú ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York, níbi tí ọ̀rọ̀ ogun kì í ti í tán nílẹ̀, yàrá kan wà tí ìdákẹ́jẹ́ nìkan ń jọba?

1. Dag Hammarskjöld, ọmọ Sweden, akọ̀wé àgbà àjọ náà nígbà náà, ló tún un ṣe ní 1957, tí ó gbé òkúta irin ràbàtà kan kalẹ̀ sí àárín rẹ̀, láìsí àmì ẹ̀sìn kankan, kí Mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti ẹlẹ́sìn mìíràn lè jọ jókòó ṣe àṣàrò.

2. Bí ìwọ náà bá fẹ́ ṣe àṣàrò, jókòó jẹ́ẹ́, máa ṣọ́ èémí rẹ, bí ọkàn bá ṣáko (yóò kúkú ṣáko!), rọra fà á padà. Sùúrù ni baba ìwà.

3. Ní 2024, àjọ náà ya 21 Oṣù Kejìlá sọ́tọ̀ fún àṣàrò.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ariwo ti sú.