Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún Àwọn Ọmọ Yorùbá

Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ yòókù, olùkọ́ tí a dìídì dá lẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Èyí fi hàn pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni kíkọ́ni ní èdè kejì. Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní ìró 'v'. Ìdí nìyí tí 'van' fi ń di 'fan'. 'Ó' kan náà ló dúró fún 'he' àti 'she'. Olùkọ́ tó mọ èyí kò ní í na ọmọ. Yóò jẹ́ kó gbọ́ ìyàtọ̀. Ó yẹ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹnu iṣẹ́ máa ní ìfiwéra èdè méjèèjì nínú.