Ẹ̀bẹ̀ Nìkan Kò Tó

Ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn tí òfì kì í sinmi níbẹ̀, títí dé Ṣakí tí ó fẹ̀yìn ti òkè Asabari, ó ṣòro kí a tó rí àgbà ilé kan tí kò tíì jókòó rí sí ìdí ọ̀ràn ọmọdé tí ó fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ìbáà ṣe ewúrẹ́ opó, ìbáà ṣe iṣu inú abà. Nítorí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, iwájú baálé ni irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dé. Bí ó bá sì kọjá agbára baálé, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ tàbí ọba, níbi tí bàbá ọmọ yóò ti san ìtanràn, tí ọmọ yóò dọ̀bálẹ̀, tí a ó sì pa obì.

Òfin ìjọba pàápàá ti wá bá wa níbẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Nàìjíríà ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ di tirẹ̀ ní 2006, kò gbà kí a ju ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sẹ́wọ̀n, ó sì fún ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò ìjọba láṣẹ, bí ọ̀ràn náà kò bá wúwo, láti parí rẹ̀ láìdé iwájú adájọ́, kí ọmọ náà san ohun tí ó bàjẹ́, kí tọ̀tún tòsì sì làjà. Òfin ọgbà àtúnṣe ti 2019 tún fàyè gba ìpàdé láàárín ẹni tí ó ṣẹ̀ àti ẹni tí a ṣẹ̀, ìbáà ṣe ṣáájú ìgbẹ́jọ́, ìbáà ṣe lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn dé ilé opó. Ènìyàn ni yóò bá a rìn ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ó ń dùn mí nínú àṣà wa. Ẹ̀bẹ̀ a máa yá wa lẹ́nu jù. Ẹni tí a jí ẹran rẹ̀ kò tíì rojọ́ tán tí àwọn àgbà yóò ti máa wí pé, “Màmá, ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é, ọmọ yín náà ni”; obìnrin náà yóò gbà nítorí ojú àgbà, yóò sì gbé ìbínú rẹ̀ relé. Ọmọ náà, tí kò gbọ́ pé owó ilé-ìwé ọmọ opó ni ẹran yẹn ì bá dà, yóò dìde, yóò gbọn eruku àyà nù, ó parí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àgbà tí ó pe ẹni méjì jọ tí kò jẹ́ kí ọ̀kan sọ tirẹ̀ tán ńkọ́?

Ìpàdé tí ẹni tí ó ṣẹ̀ àti ẹni tí a ṣẹ̀ fi ń tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe ni à ń pè ní ìdájọ́ àtúnṣe. Iṣẹ́ ẹni tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún un, ilé ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Yóò lọ síbẹ̀ lọ́tọ̀, yóò tẹ́tí sílẹ̀, kò ní bẹ̀bẹ̀. Yóò béèrè bóyá ó fẹ́ fojú kan ọmọ náà rárá, bí ó bá sì kọ̀, ọ̀rọ̀ ìpàdé tán. Yóò tún lọ bá ọmọ náà àti àwọn òbí rẹ̀, nítorí a kì í mú ọmọ tí ó ṣì ń jiyàn pé òun kò ṣe é wá sí irú àpérò bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá jókòó, a ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹni tí ó pa lára, àti bí a ó ṣe tún un ṣe. Àdéhùn tí ó bá sì jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí agbára ọmọ ká, bí iṣẹ́ oko. Lẹ́yìn náà ni a ó máa tọpa rẹ̀ títí yóò fi pé, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ní sùúrù fún.

Irú iṣẹ́ yìí ti wáyé níbòmíràn. Ní Elmira, ní ilẹ̀ Kánádà, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ba dúkìá 22 jẹ́ ní 1974. Mark Yantzi, òṣìṣẹ́ tí ń mójú tó àwọn arúfin, dábàá pé kí wọ́n lọ bá àwọn olóhun láti ilé dé ilé. Adájọ́ gbà, wọ́n lọ, wọ́n sì san owó ohun tí wọ́n bàjẹ́. Ní England, òfin 1999 gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀, níbi tí ó kéré tán ará àdúgbò méjì tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, tí a sì kọ́ níṣẹ́, ti ń jókòó pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kan. Kò pọn dandan kí wọ́n jẹ́ lọ́yà.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀ràn ni èyí bá mu o. Ìfipábánilòpọ̀ kì í ṣe ọ̀ràn tí a ń pa obì lé lórí. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀bẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, ìkà ni ó ń ràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n fún àwọn ọ̀ràn tí kò wúwo, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti fẹ̀yìntì, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ìmáàmù Òkè-Ògùn tí ọ̀rọ̀ yín ń tà létí ará ìlú, ẹ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ ní ẹ fẹ́ bá wọn dá sí ọ̀ràn àwọn ọmọ wọ̀nyí; bí wọ́n bá sì rán yín níṣẹ́, ilé ẹni tí a ṣẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà.