Ibo Ni Kí Àgbà Lọ Jókòó Sí?

Ọ̀rọ̀ kan dé ọ̀dọ̀ mi ní Erínjẹ níbí ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tọ́rọ̀ kàn. Ó ní kí n kọ ọ́, kí n ṣáà má dárúkọ òun.

Ọmọ ọ̀gá mi ni. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ mi ní Ifá. Nígbà tí bàbá papò dà, ọmọ yìí ti wà ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ni wọ́n fi kó ikin bàbá wá sọ́dọ̀ mi pé kí n máa bá wọn tọ́jú rẹ̀ títí onílé yóò fi dé. Ọdún kẹrìndínlógún rèé. Mo ń bọ ọ́ pọ̀ mọ́ tèmi, obì tèmi, obì tiẹ̀.

Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú alẹ́ o. Ọdún 63 ni mo wà yìí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti sú mi, ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ibo ni Ifá ní kí n lọ?" Mo ní ibo pẹ̀lú ibo? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n: Nevada, Arizona, Oregon, Washington, àbí kí òun jókòó sí California níbi tóun wà láti 1999. Gbogbo wọn ló wà lápá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "àbí kí n kúkú máa bọ̀ nílé."

Mo sọ fún un pé mi ò ní í dá Ifá kankan lálẹ́ yẹn. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ a kọ́kọ́ dé orí ilẹ̀, a bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀, kó tó wá gbé e wá síwájú ọpọ́n. Àwa babaláwo náà ń jẹ̀bi lórí èyí. A máa ń jẹ́ kí èèyàn wá da gbogbo wàhálà orí rẹ̀ lé Ifá lórí, nígbà tó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀, ìṣirò lásán ni. Mo ní kí òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó, kí wọ́n kọ ohun tó wà níbì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ọmọ ọmọ mi gbé e lọ sí Òkìtìpupa lọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ojú ewé mọ́kànlá! Mo fi gíláàsì kà á tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú rẹ̀, torí ọmọ tiyín náà wà níbẹ̀, ìbéèrè yìí ń bọ̀ wá bá yín. Nevada kì í gba owó orí ìpínlẹ̀ lórí owó tó ń wọlé fún èèyàn. Washington náà kì í gbà á lórí owó oṣù òṣìṣẹ́. Ti Arizona jẹ́ ìdá 2.5 nínú 100 láti 2023, olówó àti tálákà, bákan náà ni. Oregon ò gba kọ́bọ̀ lórí ọjà tẹ́ ẹ bá rà, àmọ́ ara owó tó ń wọlé ló ti ń gbẹ̀san, ó lè tó ìdá 9.9. California ló ga jù, ó ń dé ìdá 13.3 fún àwọn olówó ńlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í fọwọ́ kan Social Security, ìyẹn owó tí ìjọba àpapọ̀ wọn ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù èèyàn, tí wọ́n á wá máa san án padà fún un lọ́jọ́ ogbó. Ilé California wá wọ́n bí ojú.

Bẹ́ẹ̀ bá wo owó orí nìkan, ẹ ó ní kó sáré lọ sí Nevada. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ka ojú ewé kejì. Ojú ewé karùn-ún ni mo ti rí ọ̀rọ̀ omi. Odò Mead, adágún ńlá tí Las Vegas ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀, ní 2022 ó fà débi pé omi ò tíì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láti nǹkan bí 1937 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá omi sínú rẹ̀. Ẹ̀yin olómi, ẹ̀yin ọlọ́ṣun, ẹ gbọ́ ọ. Ti Arizona ni ooru. Ní Phoenix, ọjọ́ 31 léraléra ni ooru fi dé ìwọ̀n 43 Celsius tàbí kó jù ú lọ, láti ìparí oṣù kẹfà 2023 títí dé ìparí oṣù keje. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru lọmọ yìí. California náà ní ti iná igbó. Ìlú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Paradise, àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2018 iná jó o, èèyàn 85 ló kú, àgbàlagbà ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ìlú kan ní Arizona, Sun City, tí wọ́n ṣí ní 1960. Ìlú àgbà ni. Ó kéré tán, ẹnì kan nínú ilé gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 55, ọmọdé ò sì lè máa gbé ibẹ̀. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni wọ́n wá ń rán níṣẹ́? Ta ló ń kí wọn láàárọ̀? Mo bi ọmọ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn àgbà ibẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, wọ́n sì ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹbọ náà ò gbẹ́yìn. Àwọn kan nínú yín ti bi mí bóyá ọmọ awo lè rúbọ ní Amẹ́ríkà kí ọlọ́pàá má mú un. Ìlú Hialeah ní Florida ṣòfin ní 1987 láti dí àwọn ará wa olórìṣà tó wá láti Kúbà lọ́wọ́ kí wọ́n má bàa fi ẹran rúbọ. Wọ́n gbé ìlú náà lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ní 1993 gbogbo adájọ́ fẹnu kò pé òfin yẹn ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ìdájọ́ náà kan gbogbo ìpínlẹ̀ tó wà lórí ìwé wa. Ìyẹn ni pé kò sí èyí tá a lè torí ẹbọ yọ kúrò.

Ó wá ku ilé.

Mo fẹ́ kó wálé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń ṣe mí. Ọdún 66 ni mo wà. Àwọn ọmọ tèmi, ọ̀kan ń wa mọ́tò, ọ̀kan jẹ́ pásítọ̀, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan ọ̀pẹ̀lẹ̀ nínú wọn. Bí mo bá lọ tán, ta ni yóò máa bọ ikin ọ̀gá mi? Ilé alájà méjì tí ọmọ náà kọ́ sẹ́bàá ọ̀nà níbí, ewúrẹ́ ló ń gbé e. Nítorí náà nígbà tó ní òun lè máa bọ̀ nílé, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ já mi kulẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ẹnu rẹ̀ mú. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá gbé e dìde ní aago méjì òru ní Erínjẹ, ibo la ń gbé e lọ?"

Mi ò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Mo rántí òru ọjọ́ kan ní 2019 tí inú ìyàwó mi wú. A gbé e dé ilé ìwòsàn kan, kò sí dókítà, ẹ̀rọ amúnáwá ò ṣiṣẹ́, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà tílẹ̀ mọ́ la tó gbé e kọjá Ore lọ síbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó yè, orí rẹ̀ ló sìn ín. Ẹ̀yin ará Ìkálẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iná wa kì í ṣe ti àná, ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí ọ̀pọ̀ ìlú gúúsù Ondo fi wà nínú òkùnkùn.

Nǹkan míì tún wà. Bó bá padà wá, ìjọba Amẹ́ríkà lè máa fi Social Security rẹ̀ ránṣẹ́, torí ọmọ orílẹ̀-èdè wọn ló ti dà. Àmọ́ Medicare, ìyẹn ètò ìlera tó máa bẹ̀rẹ̀ fún un ní ọdún 65, kì í sábà sọdá òkun. Ẹni tó ti ń sanwó sí i láti ọdún yìí wá, kó wá fi í sílẹ̀ nígbà tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀? Bó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba Social Security náà báyìí dípò kó dúró di 67, wọ́n á gé lára rẹ̀ títí ayé. Èmi tí mo ṣe stọ́ọ̀kípà fún ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà títí di 2013 mọ bó ṣe rí. Láti 2004 ni òfin ti wà pé kí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ máa dá owó ìfẹ̀yìntì. Ohun tí mo gbé kúrò níbẹ̀ ni fíríìjì àlòkù kan àti lẹ́tà ìdúpẹ́.

Síbẹ̀ mo fẹ́ kó wálé. Mo tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹjọ́ tí màá fi gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ní ṣebí Susanne Wenger, òyìnbó ọmọ Austria, dé Nàìjíríà ní 1950, ó sì dàgbà sí Òṣogbo títí ó fi kú níbẹ̀ ní 2009, ó ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún. Òyìnbó fi Europe sílẹ̀, ó gbó sọ́dọ̀ òrìṣà, ọmọ Erínjẹ ò wá lè gbó sí Erínjẹ? Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi lójú mi là. Ẹni tó ti ní ìdáhùn lẹ́nu kò yẹ kó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ó lè má purọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́.

Bí mo ṣe gbé e lọ bá awo ẹlẹgbẹ́ mi ní Òkìtìpupa nìyẹn. Mo ní kó bá wa dá a, èmi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò ní í la ẹnu. Ọmọ náà wà lórí fóònù. Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ mọ̀ pé bí ibi tí wọ́n fẹ́ yàn bá pọ̀, a kì í bi Ifá ní gbogbo rẹ̀ pọ̀. À ń dárúkọ ibì kọ̀ọ̀kan, à ń gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ fún un, èyí tí odù rẹ̀ bá dàgbà jù la ó mú. Òun fúnra rẹ̀ ti yọ Washington kúrò nítorí òtútù àti òjò. Nevada bọ́ sí Ọ̀sá-Ìrẹtẹ̀. Arizona, Òtúrá-Ìká. Oregon, Ọ̀kànràn-Ọ̀ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dárúkọ Erínjẹ, Ìwòrì-Òdí ló hù, mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sínú. California ló kẹ́yìn. Ogbè-Ọ̀sá.

Ogbè ṣáájú Ìwòrì, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Awo gbé ìbò lé e lọ́wọ́, ó bi í bóyá ire ni. Ire ni. Ire wo? Ire ọmọ.

California, ibi tó wọ́n jù lórí ìwé ojú ewé mọ́kànlá! Àmọ́ ọmọ náà ò janpata. Ó ní ibẹ̀ ni àwọn ọmọ òun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé, ọmọ ọmọ kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, òun ò kọ ọ́ sínú ìwé torí òun rò pé ìyẹn kì í ṣe ìṣirò. Wọ́n máa ta ilé ńlá, wọ́n á gba kékeré lẹ́bàá ọmọbìnrin wọn, kúrò níbi tí igbó ti súnmọ́ ilé. Ẹbọ tí Ifá yàn, ó ti rú u. Ó sì ní láti ọdún tó ń bọ̀ lọ, oṣù mẹ́ta ẹ̀ẹ̀rùn lòun á máa wá lò nílé, ìyàwó náà gbà, bó bá ṣáà jẹ́ pé wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn múná wá.

Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní í tàn yín. Mo padà délé lọ́jọ́ náà, mo sọ fún ikin ọ̀gá mi bí ó ṣe lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo mú káfíńtà lọ síbi ilé ọmọ náà. A lé ewúrẹ́ jáde. Páànù mẹ́rin ló ti ká, ikán ti mú férémù ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, omi kànga ṣì dáa. Mo ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló dáhùn, èyí tó kọ ojú ewé mọ́kànlá yẹn. Ó ní ẹ kú iṣẹ́ Bàbá, owó páànù ń bọ̀. Ó wá bi mí pé ikin bàbá àgbà òun, mélòó ni, ṣé òun lè rí fọ́tò rẹ̀. Mo ní a kì í ya á. Mo ní kó bá bàbá rẹ̀ wá ní oṣù kejìlá.