Gbogbo Ayẹyẹ Kọ́ Ni "Party"

Olùkọ́ tí ó bá na ọmọ nítorí ohun tí kò kọ́ ọ, òun gan-an ni ó jẹ̀bi. Èmi náà jẹ̀bi rí.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n gbé adé lé Aláàfin Akeem Abímbọ́lá Owóadé Kìíní lórí ní Ọ̀yọ́. Ìlọrà àti Fìdítì kò jìnnà sí Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀ wa ni ó lọ wòran. Nígbà tí a padà sí ilé-ẹ̀kọ́, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tí wọ́n rí.

Ọmọbìnrin kan kọ "party" ní ìgbà méje. Mo fi yíǹkì pupa fún un ní 3 nínú 10, mo sì kà á sókè. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Omijé lé ròrò sójú ọmọ náà.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Tíṣà, kí ni ó yẹ kí n kọ?"

Mo ní, "Pomp and pageantry."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

Ẹnu mi wọhò.

Ní alẹ́, mo jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè. "Coronation" ni gbígbé adé lé ọba lórí. Ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí adé ni ó ti wá. Ìwúyè olóyè tí kò dé adé, "installation" ni. Bí àwọn ènìyàn bá tò tẹ̀lé ara wọn lọ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, "procession" nìyẹn. "Regalia" ni adé, ìlẹ̀kẹ̀ àti ọ̀pá àṣẹ. "Pomp" ni ọlá tí a fi ṣe ètò náà; "pageantry" ni ẹwà aṣọ àti ìlù tí ó bá a rìn. "Spectacle" ni ìran àwòyanu. "Party" ni àríyá: oúnjẹ àti ijó lẹ́yìn ohun gbogbo.

Ní ọjọ́ kejì, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọmọ náà níwájú kíláàsì. Mo ní kí ó fi Yorùbá sọ ohun tí ó rí. Kíá, ó ní wọ́n gbé adé lé ọba lórí, àwọn ìjòyè tò lọ, lẹ́yìn náà àríyá bẹ̀rẹ̀. Ó ti mọ ìyàtọ̀ wọn tẹ́lẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni ẹnìkan kò fún un. Ó tún ìwé rẹ̀ kọ, ó sì gba 8.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ fi èdè ilé rẹ̀ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí ẹ tó fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹ má sì fi ọmọ ṣẹ̀sín nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ kò tíì kọ́ ọ.