Ọgbà Igi Aburi Lórí Òkè, àti Ohun tí Àgbẹ̀ Lè Rí Níbẹ̀

Àwọn kan nínú yín ti béèrè lọ́wọ́ wa bóyá òótọ́ ni pé ọgbà ìjọba kan wà lórí òkè ní ilẹ̀ Gánà, níbi tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́, tí a sì ti pín irúgbìn kòkó fún àwọn àgbẹ̀ láyé àtijọ́. Òótọ́ ni. Aburi ni orúkọ ìlú náà. Àwọn àgbà wa kò ní ṣàì rántí orúkọ yìí, nítorí pé ní ọjọ́ 4 àti 5 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967, níbẹ̀ ni Gowon àti Ojukwu ti jókòó sọ̀rọ̀ kí ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ogun ti wọ ìlú Bìní níbí. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ ìṣèlú tó gbé orúkọ Aburi dé orí rédíò wa, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí wọ́n ti ń gbin igi níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ igi yẹn ni a fẹ́ bá yín sọ.

Irú ọgbà báyìí kì í ṣe oko tí a ń kórè tà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọgbà òdòdó lásán. Ibi tí a ti ń dán igi àjèjì wò ni. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ìjọba káàkiri ayé, wọ́n ní ọgbà ńlá kan ní Kew, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Bí wọ́n bá rí igi tí ó lè mówó wá ní ilẹ̀ kan, wọn a kó irúgbìn rẹ̀ lọ sí Kew, wọn a hù ú níbẹ̀, wọn a sì fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ mìíràn tí ó gbóná tí ó sì lójò. Bẹ́ẹ̀ ni irúgbìn rọ́bà ṣe kúrò ní Bùràsíìlì ní ọdún 1876. Rọ́bà tí ẹ ń gba oje rẹ̀ láràárọ̀ ní agbègbè Bìní yìí, ìran igi Bùràsíìlì yẹn náà ni.

Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Èbúté-Mẹ́tta ní Èkó ni wọ́n kọ́kọ́ dá irú ọgbà yìí sí, ní ọdún 1887, nígbà tí Moloney jẹ́ gómìnà. Aburi tẹ̀ lé e ní oṣù kẹta ọdún 1890. Ní ọdún 1892 àwọn ará Jámánì dá tiwọn sílẹ̀ ní Victoria ní Kamẹrúùnù, ìlú tí a ń pè ní Limbe nísinsìnyí, ní ìsàlẹ̀ òkè ńlá ibẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe alábòójútó ọgbà Aburi ń jẹ́ William Crowther, ọmọ tí ó kọ́ṣẹ́ ní Kew. Kì í ṣe Bíṣọ́ọ̀bù Crowther tiwa o.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ orí òkè? Ní ọdún 1875, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ ilé ìsinmi kan sí Aburi fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn tí ara wọn kò yá. Ní ìgbà yẹn, wọ́n gbà pé atẹ́gùn búburú tí ń jáde láti inú ẹrẹ̀ àbàtà ni ó ń fa ibà, nítorí náà wọ́n sá lọ sórí òkè. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó fi hàn pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Èrò wọn kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n sísá tí wọ́n sá wúlò díẹ̀, nítorí pé ẹ̀fọn kì í pọ̀ níbi tí ó tutù tí omi kì í sì í dúró sí. Ilẹ̀ tí ó yí ilé ìsinmi náà ká ni wọ́n ṣán tí wọ́n fi ṣe ọgbà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé òtútù orí òkè. Bí ènìyàn bá gun òkè ní 100 mítà, ooru a dín kù ní ìwọ̀n tí ó lé díẹ̀ ní ìdajì digírì. Aburi ga ju etí òkun lọ ní ohun tí ó lé ní 400 mítà, nítorí náà ó fi digírì 2 tàbí 3 tutù ju Accra lọ. Ẹni tí ó bá ti gbé Jos rí lè fi wá rẹ́rìn-ín pé a ń pe èyí ní òtútù, nítorí Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, orí òkè Obudu àti ti Mambilla sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ti Bìní lọ, níbi tí ilẹ̀ kò ga tó 100 mítà, ìyàtọ̀ náà hàn, pàápàá ní àárọ̀ kùtùkùtù tí ìkùukùu bá bo orí òkè.

Ìyàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ yìí ni ó ń pinnu ohun tí ilẹ̀ yóò gbà. Ní Jàmáíkà, wọ́n dá ọgbà kan sí orí òkè ní ọdún 1868, ní nǹkan bí 1,500 mítà, nítorí igi tí a ń fi èèpo rẹ̀ ṣe kuníìnì, tí ó fẹ́ràn òtútù. Tíì náà fẹ́ràn òtútù, ìdí nìyẹn tí oko tíì ilẹ̀ wa fi wà ní Mambilla, tí Ilé Ìwádìí Kòkó sì ní ẹ̀ka kan ní Kusuku lórí òkè náà fún tíì àti irú kọfí tí kò fẹ́ ooru. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀gbìn tíì wá tà fún yín ní ọjà, ẹ bi í pé báwo ni ibi tí ó ti mú un wá ṣe ga tó. Aburi ní tirẹ̀ wà ní agbede-méjì. Ó tutù fún ènìyàn, kò sì tutù jù fún kòkó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ láti ọ̀dọ̀ wa, Iyaro ni yóò ti wọ mọ́tò. Láti Iyaro, a ó gba Ọrẹ̀ dé Èkó, a ó sì gba Sẹ̀mẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè Benin. (Benin tí à ń wí yìí kì í ṣe Bìní wa. Dàhọ̀mì ni wọ́n ń pè é títí di ọdún 1975, àṣìpè orúkọ yìí sì ti da ọ̀rọ̀ rú fún ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò.) Lẹ́yìn Cotonou ni Lomé ní Tógò, lẹ́yìn Lomé ni Aflao, ẹnubodè Gánà, kí a tó dé Accra. Láti Accra, mọ́tò Aburi a gba Madina àti Adenta, lẹ́yìn náà ọ̀nà a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n òkè. Àdéhùn tí àwọn ìjọba ECOWAS ṣe ní ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti wọ èkejì, kí ó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Owó séfà ni wọ́n ń ná ní Benin àti Tógò, sídì ni ti Gánà. Ẹ̀rù èdè kò gbọdọ̀ bà yín. Àwọn ènìyàn wa wà ní gbogbo ọ̀nà náà, wọ́n sì ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Gánà nígbà kan, kí òfin ọdún 1969 tó lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìníṣà kò gbàgbé ọdún náà.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni ta iṣu èbù rẹ̀ nítorí ìrìn-àjò yìí o. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ kan bá ń dáwó jọ, tàbí bí ẹbí kan bá ní ìdí láti dé Accra, ẹ lọ wò ó. Ní èrò tiwa, oṣù kejì ni ó dára jù, nígbà tí ìkórè kòkó ti parí tí òjò kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà ni ọ̀wọ́ ọ̀pẹ ilẹ̀ òkèèrè méjì tí ó dojú kọ ara wọn, ara wọn funfun bí òpó sìmẹ́ńtì. Wọn kì í so ẹyìn tí a lè fi ṣe epo, ẹwà ni wọ́n wà fún. Gbogbo ilẹ̀ ọgbà náà tó nǹkan bí 64 hẹ́kítà, ṣùgbọ́n bí 12 péré ni wọ́n ń tọ́jú gẹ́gẹ́ bí ọgbà. Igi àràbà ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní òun nìkan ni ó kù nínú igbó tí wọ́n ṣán ní àkọ́kọ́. Igi sínámónì wà, igi kánfọ̀ wà. Bí ẹni tí ń mú yín kiri bá fún ewé wọn sí yín lọ́wọ́, ẹ óò gbọ́ òórùn ohun tí ẹ ti rà nínú ìgò láìmọ̀ pé ara igi ni ó ti wá. Àwọn àlejò pàtàkì tí ó ti wá gbin igi tiwọn náà, a sì kọ orúkọ wọn sí i. Àwọn ọmọdé ní tiwọn, hẹlikópítà ògbólógbòó kan tí ó wà lórí koríko ni wọn yóò sáré lọ bá.

Èyí tí a rò pé ó yẹ kí àgbẹ̀ dúró wò dáadáa ni igi ọ̀pọ̀tọ́ kan tí ó fún igi mìíràn pa. Ẹyẹ ni ó ya irúgbìn rẹ̀ sórí ẹ̀ka. Ó hù níbẹ̀, ó na gbòǹgbò wá sílẹ̀ yí igi kejì ká, títí tí igi kejì fi kú, tí ó sì jẹrà kúrò nínú rẹ̀. Nísinsìnyí inú rẹ̀ ṣófo bí ilé. Èyí yàtọ̀ sí àfòmọ́ orí kòkó yín. Àfòmọ́ kì í na gbòǹgbò dé ilẹ̀. Omi ara kòkó gan-an ni ó ń mu, nítorí náà ẹ máa gé e kúrò kí ó tó so èso tí ẹyẹ yóò jẹ.

Ẹ má ṣe dúró ní Aburi nìkan. Bí ẹ bá tẹ̀ síwájú lórí òkè kan náà, ẹ óò kọjá Tutu, ẹ óò dé Mampong. Níbẹ̀ ni Tetteh Quarshie gbin kòkó sí ní nǹkan bí ọdún 1879. Ọmọ Gà ni, alágbẹ̀dẹ sì ni. Ó ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Fernando Po, tí a ń pè ní Bioko nísinsìnyí, ibẹ̀ ni ó ti mú irúgbìn wá. Àwọn míṣọ́nnárì Basel ti gbìyànjú kòkó ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n tiwọn kò gbilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Gómìnà Griffith mú kòkó wá láti São Tomé, tí ọgbà Aburi sì ń hù ú tí ó ń tà á fún àwọn àgbẹ̀. Ní ọdún 1891, kòkó tí ó kúrò ní Gánà lọ sí òkè òkun jẹ́ 80 pọ́n-ùn, kò pé àpò kan. Nígbà tí ó fi di ọdún 1911, kò sí ilẹ̀ kan lágbàáyé tí ó ń mú kòkó jáde tó o. Ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, oníṣòwò ni J. P. L. Davies tí ó gbin kòkó sí Ìjan lẹ́bàá Agége ní nǹkan bí ọdún 1880. Ìjọba wúlò, a kò sọ pé kò wúlò, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tí ó kọ́kọ́ dáwọ́ lé e.

Ohun tí ó kan àwa tí a ń ṣe àtìpó lóko jù nìyí. Òkè Akuapem yìí tẹ́ẹ́rẹ́, ilẹ̀ rẹ̀ kò tó. Nígbà tí àwọn ará Aburi, Mampong àti Akropong rí i pé kòkó ń mówó wá, wọ́n ṣí lọ. Láti bí ọdún 1890 sókè, wọ́n kọjá odò Densu, wọ́n ń ra igbó lọ́wọ́ àwọn ọba Akyem. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lọ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Àwọn mélòó kan a dáwó jọ, wọn a ra igbó kan pọ̀, wọn a sì fi okùn wọ̀n ọ́n, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ìwọ̀n tí owó rẹ̀ tó. Àwọn obìnrin náà wà nínú wọn tí ó ra tiwọn. Polly Hill, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, rin oko wọn kiri, ó sì tẹ ìwé jáde lórí wọn ní ọdún 1963. Ẹni tí kò lówó láti ra ilẹ̀ a máa ṣiṣẹ́ ní oko ẹlòmíràn, a sì gba ìdá mẹ́ta kòkó tí ó ká. Abusa ni wọ́n ń pè é.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn àti àwa ni pé wọ́n ra ilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ ni. Ẹni tí ó fún yín láyè láti gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ lè má fún yín láyè láti gbin kòkó, nítorí igi tí yóò wà ní ilẹ̀ fún ogójì ọdún dàbí ẹ̀tọ́ lójú onílẹ̀. Ẹ má ṣe fi irúgbìn kan sílẹ̀ kí ẹ tó jókòó pẹ̀lú onílẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé igi ta ni, pé kí ni a ó máa san, àti pé ta ni yóò jogún rẹ̀ bí ẹ kò bá sí mọ́. Bí àwọn ará Akuapem ti kówó jọ ra ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àgbẹ̀ mélòó kan lè kóra jọ lọ bá onílẹ̀ kan. Ohùn ẹni mẹ́wàá kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú ohùn ẹnì kan.

Ó ku ìkìlọ̀ kan. Ẹni tí ó bá dé Mampong, ọkàn rẹ̀ lè fà sí i láti gé ẹ̀ka kòkó àtijọ́, tàbí kí ó gbé ọ̀gbìn tàbí odindi kòkó sínú àpò. Ẹ má dán an wò. Ní ọdún 1936, wọ́n rí àrùn kan ní ìlà-oòrùn Gánà, agbègbè yìí kan náà, tí ó ń mú kí ẹ̀ka kòkó wú, kí iṣan ewé tuntun pọ́n, kí èso kéré kí ó sì rí roboto, kí igi náà sì kú láàárín ọdún mélòó kan. Kò sí oògùn rẹ̀. Àwọn kòkòrò kéékèèké funfun bí ìyẹ̀fun ni wọ́n ń gbé e láti igi kan sí èkejì, èèrà sì ń tọ́jú wọn. Gánà ti gé kòkó tí ó lé ní 200 mílíọ̀nù nítorí rẹ̀. Àrùn náà ti wà ní Nàìjíríà náà láti àwọn ọdún 1940, kò yẹ kí a tún lọ kó òmíràn kún un. Bí ẹ bá rí ẹ̀ka tí ó wú báyìí ní oko yín, ẹ má gé e pín fún ẹnikẹ́ni, ẹ pe òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kí ó wá wò ó. Òfin sì wà pé kò sí ohun ọ̀gbìn tí ó gbọdọ̀ kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ irúgbìn kòkó dáadáa, kí ó béèrè lọ́wọ́ Ilé Ìwádìí Kòkó ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964. Ní ti ọ̀pẹ, NIFOR wà ní ọ̀nà Àkúrẹ́ láti Bìní láti ọdún 1939. Ní ti rọ́bà, Iyanomo ni ilé ìwádìí tirẹ̀ wà. Láti Iyaro, ẹ lè lọ sí NIFOR tàbí Iyanomo kí ẹ sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà.