Aṣọ Iṣẹ́ àti Aṣọ Ìgbélé: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Stan Herman, Olùdárà Aṣọ ní Amẹ́ríkà

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òwe yìí fi hàn pé aṣọ a máa ṣáájú ẹni tí ó wọ̀ ọ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kì í fúnra rẹ̀ yan aṣọ tí yóò ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ ni ó ń yàn án fún un. Ta wá ni ó ń ro ti ẹni tí yóò wọ aṣọ náà láti àárọ̀ di alẹ́? Ìbéèrè yìí ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò nípasẹ̀ iṣẹ́ Stan Herman, olùdárà aṣọ tí òkìkí rẹ̀ kàn lórí aṣọ iṣẹ́ àti aṣọ ìgbélé.

Ìbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Rẹ̀

Ọdún 1928 ni wọ́n bí Stan Herman ní ìlú New York. Ní àwọn ọdún 1960, òun ni ó ń dárà aṣọ fún Mr. Mort, ilé iṣẹ́ tí ó ń rán kaba fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní iye tí apá wọn ká. Iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti aṣọ olówó gọbọi tí wọ́n ń rán fún ẹnì kan ṣoṣo. Aṣọ tí wọ́n ń rán lọ́pọ̀ yanturu, tí wọ́n sì ń kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni. Síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò fara sin. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Coty, tí ó lókìkí púpọ̀ láàárín àwọn olùdárà aṣọ Amẹ́ríkà nígbà náà, ní 1965, 1969 àti 1974.

Aṣọ Iṣẹ́

Ní àwọn ọdún 1970 ni ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lórí aṣọ àwọn òṣìṣẹ́. Lára àwọn ilé iṣẹ́ tí ó dárà aṣọ fún ni Avis tí ń yá ènìyàn lọ́kọ̀, McDonald's tí ń ta oúnjẹ, TWA tí ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó èrò, àti FedEx tí ń kó ẹrù jíṣẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú JetBlue kọ́kọ́ gbéra ní 2000, aṣọ tí Herman dárà ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọ̀.

Iṣẹ́ yìí ní ìṣòro tirẹ̀. Télọ̀ tí ń rán aṣọ òde fún oníbàárà mọ ara ẹni tí ó ń ránṣọ fún. Ó lè wọn ara rẹ̀, kí ó sì tún aṣọ náà ṣe. Olùdárà aṣọ iṣẹ́ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àrà kan ṣoṣo ni yóò bá ẹni tí ó sanra àti ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ mu, àgbà àti ọ̀dọ́. Ẹni tí ń gbé ẹrù gbọ́dọ̀ lè nawọ́ sókè kí ẹ̀wù rẹ̀ má ya. Ẹni tí ó dúró nídìí ààrò kò gbọdọ̀ wọ ohun tí yóò dá kún ooru rẹ̀. Wọn yóò fọ aṣọ náà léraléra, síbẹ̀ àwọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tètè ṣá. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ kò lè kọ̀ ọ́. Bí aṣọ náà bá sọ ọ́ di ẹni yẹ̀yẹ́, ojoojúmọ́ ni yóò máa gbé yẹ̀yẹ́ náà wọ̀. Níbí ni iyì òṣìṣẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Aṣọ Ìgbélé

Ẹni kan náà tí ó dárà aṣọ tí gbogbo ayé ń rí ni ó tún lókìkí lórí aṣọ tí ará ilé nìkan ń rí. Ẹ̀wù ìwọ̀lékè tí wọ́n fi chenille rán ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ̀ jù. Chenille jẹ́ aṣọ onírun tí ó rọ̀; orúkọ rẹ̀ wá láti inú èdè Faransé, níbi tí ó ti túmọ̀ sí kòkòrò onírun, nítorí bí òwú rẹ̀ ṣe rí. Láti àwọn ọdún 1990 ni Herman ti ń tà á lórí QVC, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ń pàtẹ ọjà fún àwọn tí ó wà nílé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ níwájú kámẹ́rà. Báyìí ni ẹni tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wọ aṣọ rẹ̀ láì mọ orúkọ rẹ̀ ṣe di ẹni tí àwọn oníbàárà ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé wọn.

Ipò Aṣáájú

Láti 1991 títí di 2006, Herman ni ààrẹ CFDA, ẹgbẹ́ àwọn olùdárà aṣọ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962. Tẹ́lẹ̀, ibi tí ó bá wu olúkúlùkù ni ó ti ń ṣe àfihàn aṣọ rẹ̀ ní New York, àwọn oníròyìn àti oníṣọ́ọ̀bù a sì máa sáré kiri ìlú. Ní 1993, òun àti Fern Mallis, olùdarí àgbà ẹgbẹ́ náà, ṣe aṣáájú kíkó àwọn àfihàn jọ sábẹ́ àgọ́ ní Bryant Park. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí wọ́n fi kó lọ sí Lincoln Center ní 2010. Ní 2006, ẹgbẹ́ náà fún un ní àmì-ẹ̀yẹ fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ìwé tí ó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ jáde ní 2023.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ àrà aṣọ, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára aṣọ ni wọ́n sábà máa ń yìn. Orúkọ ilé iṣẹ́ ni ó ń wà lára aṣọ iṣẹ́, kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó dá àrà rẹ̀. Pé àwọn ẹlẹgbẹ́ Herman fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe olórí fún ọdún 15 fi hàn pé aṣọ tí ó sin ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kéré sí aṣọ tí ó buyì kún ènìyàn díẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ aṣọ: kí wọ́n tó mú àlùmọ́gàjí, kí wọ́n kọ́kọ́ ro ti ara tí yóò gbé aṣọ náà wọ̀, àti iṣẹ́ tí ara náà yóò ṣe.