Páásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni wọ́n fi wọlé, ni wọ́n bá kó àṣírí àwọn ọmọléèwé lọ!

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ lọ́mọ níléèwé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ o. Bí iléèwé bá ní kẹ́ ẹ máa tẹ kóòdù mọ́ páásíwọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó rí èsì ìdánwò ọmọ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má pè é ní wàhálà. Ohun tójú àwọn òbí kan rí l'Amẹ́ríkà ló yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Iléeṣẹ́ PowerSchool, tó wà ní California, ló ń bá ọ̀pọ̀ iléèwé l'Amẹ́ríkà àti Kánádà tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ. Lóṣù kejìlá, ọdún 2024, páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n jí ni wọ́n fi wọbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà kò ní àgádágodo kejì, bí wọ́n ṣe tẹ páásíwọ́ọ̀dù báyìí, gbayawu nilẹ̀kùn ṣí. Orúkọ, àdírẹ́sì, kódà ọ̀rọ̀ ìlera àwọn ọmọ kan, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kó. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní ọ̀rọ̀ náà kan ọmọléèwé tó lé ní mílíọ̀nù 60.

Ta ló wà nídìí ẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ọmọ ọdún 19, láti ìpínlẹ̀ Massachusetts! Iléeṣẹ́ náà sanwó kí wọ́n má baà tú àṣírí ọ̀hún síta, síbẹ̀ lóṣù karùn-ún, ọdún 2025, wọ́n tún ń halẹ̀ mọ́ àwọn iléèwé kan. Lóṣù kẹwàá ọdún yẹn ladájọ́ sọ ọmọkùnrin náà sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹyin tó ti fọ́, ta ló fẹ́ kó o jọ?

Iṣẹ́ kóòdù yìí ò le. Páásíwọ́ọ̀dù lohun tẹ́ ẹ mọ̀, fóònù lohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó jí ọ̀kan ò tíì rí èkejì gbà. Kóòdù náà, tó sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà mẹ́fà, lè wọlé bí àtẹ̀jíṣẹ́. Áàpù bíi Google Authenticator náà lè gbé e jáde, ìṣẹ́jú àáyá 30 ló sì máa ń fi yí i padà. Ti áàpù ló dáa jù, torí ẹni tó bá fọgbọ́n gba láìnì yín ò lè rí i.

Ibi tí àwọn gbájúẹ̀ ti ń múuyàn nìyí: wọ́n á pè yín pé, "Mọ́mì, iléèwé ọmọ yín la ti ń pè. Nọ́ńbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kà á." Irọ́ ni o! Páásíwọ́ọ̀dù yín ti wà lọ́wọ́ wọn, kóòdù yẹn ló kù. Ẹ má kà á fẹ́nikẹ́ni. Bó bá sì wọlé láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú ilé ló ń gbìyànjú àtiwọlé, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù padà lójú ẹsẹ̀.

Lálẹ́ òní, ẹ bi ara yín: fóònù ta ni kóòdù á máa wọ̀? Bó bá jẹ́ ti bàbá, tí bàbá sì rìnrìn àjò, báwo lọmọ ṣe máa ṣiṣẹ́ àṣetiléwá? Bó bá jẹ́ àkáǹtì Google niléèwé ń lò, ẹ gba kóòdù ìpamọ́ mẹ́wàá tó máa ń fúnni, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ò ní fóònù ńkọ́? Ẹ bi iléèwé ohun tí wọ́n ṣètò fún un.

Àgádágodo méjì kì í ṣe ìyà. Ẹni tólè ti jà rí ló mọ iyì ẹ̀.